Nígbà tí Bátìrì Bá Ní Òun Kún

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti jáde ní ilé-ìwé ní Bantè, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tọ̀ mí wá: “Olùkọ́, ẹ dákun, ní òwúrọ̀ fóònù mi sọ pé òun ti kún dé 100%. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú. Ṣé irọ́ ni ó ń pa fún mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìbéèrè náà kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di òní.

Nínú bátìrì irú èyí, lítíọ̀mù ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Bí a ti ń fi iná sí i lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni lára rẹ̀ ń há sínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó ń nípọn sí i nínú bátìrì, èyí tí ó bá sì ti há kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́. Ooru a máa mú kí ó yá. Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ooru tí ó bá ju 35°C lọ lè ba bátìrì jẹ́ títí láé. Ta ni kò mọ ooru oṣù kẹta ní Savalou? Nítorí náà, 100% tí fóònù ń kà jẹ́ ti ohun tí ó ṣẹ́kù, kì í ṣe ti ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà mọ kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: àgbàdo kún un dé ẹnu, síbẹ̀ kò tó. Kóńgò kò purọ́. Ẹni tí ó lù ú ńkọ́?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ti ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ní tèmi, ìdí náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún àwọn tí ó ni fóònù. Ní ilẹ̀ Faransé, tí òfin ti ka mímọ̀ọ́mọ̀ gé ẹ̀mí ọjà kúrú sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 2015, Apple gbà láti san mílíọ̀nù 25 owó yúrò ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: ìdákẹ́ ni wọ́n san owó náà lé lórí, kì í ṣe ogbó.

Àwọn kan yóò ní kí olùrà la ojú rẹ̀. Ojú wo? Wọ́n ti dí bátìrì pa sínú. Níbi tí ojú kò bá lè dé, ẹnu ẹni tí ó mọ̀ nìkan ni ó kù.

Ó dùn mọ́ mi láti bá Apple wí, nítorí ó jìnnà. Ní ọdún tí ó kọjá, mo ta fóònù mi fún olùkọ́ kan ní Savalou tí mo jù lọ́jọ́ orí. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì dára?” Mo fi ojú rẹ̀ hàn án, mo ní, “Wò ó, kò ní ìlà kan ṣoṣo.” Òtítọ́ ni mo sọ. Ní alẹ́, òun náà ni ó ṣì fi ń pè mí láti kí mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó tó béèrè àwọn ọmọ tán, ohùn rẹ̀ yóò ti gé.