Ẹ̀bùn Àfọwọ́ṣe fún Ẹni tí Ó Mọ Abẹ́rẹ́ Lò

Àlejò tí ó mọ ìwà hù kì í fẹ́ wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó lówó a lọ sí ọjà; ẹni tí ó ní ọgbọ́n lọ́wọ́ a jókòó ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà a máa di ìṣòro nígbà tí ìyálé ilé tí a ń lọ kí bá jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kan náà. Kí ni a lè fi ọwọ́ ẹni ṣe fún obìnrin tí ń rán aṣọ ìbora alálẹ̀mọ́, tí ń gé àjákù aṣọ wẹ́wẹ́, tí ń tò wọ́n pọ̀, tí ń tẹ́ òwú sí àárín ìpele méjì, tí ó sì ń fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ já títí yóò fi di ọ̀kan? Bí a bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó lè dà bí ẹni pé a wá bá a díje nínú ilé rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé kí a kúkú ra nǹkan. Òótọ́ ni pé ojú onímọ̀ le: kí ó tó yin ojú aṣọ, yóò ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ó lè ka iye alẹ́ tí a fi ṣe iṣẹ́ náà. Lójú ẹlòmíràn, aṣọ ni aṣọ ń jẹ́. Bí ọ̀bẹ sì ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tí ń rán fún ìyàwó àti fún ọmọ titun ni ẹnikẹ́ni kì í rán nǹkan fún, nítorí ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ ń bà wọ́n.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 1892, ìyá àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ Làìbéríà, Martha Ann Ricks, wọ ààfin Windsor láti kí Ọbabìnrin Victoria. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní Tennessee, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1817. Baba rẹ̀ ra òmìnira fún àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì ṣí lọ sí Làìbéríà ní 1830, níbi tí ibà ti pa púpọ̀ nínú wọn láìpẹ́. Ó ṣe àgbẹ̀ ní Clay-Ashland, ó sì gba ẹ̀bùn níbi àfihàn iṣẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1858 nítorí ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà tí ó hun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń fi owó ọkọ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó fẹ́ fi ojú rí ọbabìnrin tí àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ ń dá ọkọ̀ olówò-ẹrú dúró lójú òkun. Aṣọ ìbora sátíìnì funfun tí ó rán ni ó mú lọ. Igi kọfí kan ni ó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú èso pupa àti ewé tí ó lé ní 300.

Ọbabìnrin náà kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1900, lẹ́yìn tí ó ti pé ẹni 80 ọdún, òun fúnra rẹ̀ fi irun àgùntàn hun aṣọ ìlọ́rùn 8 fún àwọn akọni ọmọ ogun ní Gúúsù Áfíríkà. Síbẹ̀ ẹ̀bùn Martha kò ní àwọ̀ ìdíje, nítorí kì í ṣe òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán sára aṣọ. Igi tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ń gbìn tà sí òkè òkun ni. Ọbabìnrin lè pàṣẹ kí a rán èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Kò lè pàṣẹ kí aránṣọ ààfin ní Clay-Ashland lọ́kàn. Aṣọ náà dé ibi àfihàn ńlá Chicago ní 1893, a kò sì mọ ibi tí ó wọlẹ̀ sí láti ìgbà náà.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ láti ná, kò sì yẹ kí ẹ̀bùn tóbi débi tí onílé yóò fi máa ronú bí yóò ti san án padà. Ìrọ̀rí kékeré tí a ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ tó. Bí a bá fi irun àgùntàn kún inú rẹ̀, ọ̀rá tí ó wà lára irun náà kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tètè dípàtà. Àpò tí a ń kó àjákù sí náà dára. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé èyí tí télọ̀ rán wá kí ó pè é ní tirẹ̀, ojú tí ó mọ abẹ́rẹ́ kò ní pẹ́ rí i.) Ṣùgbọ́n bí àlejò bá mọ aró rẹ, kí ó mú àdìrẹ tí ó rẹ fúnra rẹ̀ wá láìgé, kí onílé mọ ibi tí yóò gé e. Ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún kan, kí ó bá a lára aṣọ ìbora ọmọ titun, láàárín àjákù ẹlòmíràn mẹ́wàá, kí ó má tilẹ̀ tètè dá a mọ̀.