Jókòó, Kí O Ṣírò Rẹ̀

Ẹsẹ Bíbélì: Lúùkù 14:28



Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ ní láti kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ dé ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú.

Bí jẹjẹrẹ bá mú ahọ́n, àgbọ̀n tàbí ọ̀fun, dókítà lè ní láti gé ibẹ̀ kúrò. Kí aláìsàn lè tún jẹun, kí ó sì sọ̀rọ̀, wọn a gé ẹran-ara láti apá tàbí itan, tàbí egungun láti ẹsẹ̀, wọn a fi dí àlàfo náà, wọn a sì so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ọrùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á ka ewu rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń pariwo pé, “Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!” tí kò sì ní gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀yin ará, dókítà kò ṣépè. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan tí wọ́n so. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ẹran-ara náà wò tọ̀sán-tòru ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá rí àmì ewu, wọ́n lè tún gbé aláìsàn padà fún iṣẹ́ abẹ. Egbò lè kẹ̀. Itọ́ lè máa jò gba ọrùn. Ohùn lè yí padà, oúnjẹ lè ṣòro láti gbé mì. Ewu náà ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ń mu sìgá, àti ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú ọrùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: nínú irú iṣẹ́ yìí 100, ó lé ní 90 tí ẹran-ara náà ń yè.

Ní Britain níbí, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ là á yé gbogbo ènìyàn ní 2015 pé dókítà gbọ́dọ̀ sọ ewu tí ó ṣe pàtàkì sí aláìsàn fún un, àti ọ̀nà mìíràn tí ó bá wà. Nítorí náà ẹ béèrè: Bí ẹran-ara yìí kò bá yè ńkọ́? Ta ni yóò tún kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ? Bí èdè bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n pe ògbufọ̀. Ẹ má gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ kékeré lórí. Abéèrè kì í ṣìnà.

Hesekáyà sunkún gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (Aísáyà 38:21). Àdúrà àti ìtọ́jú kì í jà.

Àwa ìjọ ńkọ́? Ènìyàn mẹ́rin ni ó gbé arọ dé ọ̀dọ̀ Jésù (Máàkù 2:3). Bí ojú ẹnìkejì wa bá yí padà, ẹ má wò ó bí ẹni ń wo ìran. Kí ẹ tó gbé iyán lọ, ẹ bi í ní ohun tí ó lè gbé mì. Bí ohùn rẹ̀ kò bá ròkè nínú orin mọ́, ẹ jókòó tì í. Ọlọ́run ń gbọ́ ọ.

Kí Olúwa fún àwọn aláìsàn wa ní ìgboyà láti gbọ́ òtítọ́, kí ó sì fún wa ní ejìká tí yóò bá wọn gbé e. Àmín.