Ẹni Tí Kò Bá Ọ Ta Ayò

Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí o ti máa wa mọ́tò kí o tó jáde ní ilé-ìwé. Èmi kò wí nípa mọ́tò gidi, èyí tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 18. Ti inú géèmù ni mo ń wí.

Ní ọjọ́ kan, mo yà sí ìsọ̀ kan ní Ọ̀wọ̀ níbi tí àwọn ọmọdé gbé ń sanwó gbá géèmù. Ọmọkùnrin kan ń sáré bí ẹni tí ìjì ń gbé lọ. Mọ́tò rẹ̀ yà kúrò lójú títì, ó gbá ènìyàn mẹ́ta, ó sì fi orí sọ ògiri. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì kan, mọ́tò sì tún di tuntun. Mo bi í pé, "Àwọn tí o gbá ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, àwòrán ni wọ́n, sà."

Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì rí ọ̀rọ̀ fi bá a wí. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta ń pa òpè títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ òpè á gbọn aṣọ rẹ̀, á sì lọ sílé lọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni eré àsápajúdé ti ń pa èrò kí géèmù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ mélòó ni ó mọ géèmù ní Ọ̀wọ̀?

Níbo wá ni ọ̀ràn náà wà? Wo ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí ó sì kọjá lọ sí Ìbínì. Tírélà ń gbà á, bọ́ọ̀sì ń gbà á, àgbẹ̀ tí ó di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà náà ń gbà á. Ká ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà gbé ṣẹ́. Bí ó bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti lọ ní nǹkan bí mítà 28. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò wọ́ dé kí bíréèkì tó dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ mọ ewu tí ó fi ara rẹ̀ wu. Bóyá ó tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn, ta ni ó bi í léèrè? Àgbẹ̀ tí ń bọ̀ ní òdìkejì, nígbà wo ni ó bá a jókòó nídìí ọpọ́n? Awakọ̀ yìí ń ta ayò, orí àwọn tí kò bá a ta ni ó sì fi ṣe ọmọ ayò.

Má rò pé ìmọ̀ọ́ṣe nìkan tó. Ní ọdún 2011, Jann Mardenborough, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Bìrìtìkó, borí nínú ìdíje àwọn tí ń gbá géèmù Gran Turismo, a sì sọ ọ́ di awakọ̀ eré ìje gidi. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ní pápá Nürburgring ní Jámánì, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá ọgbà, ó sì bọ́ sáàárín àwọn òǹwòran. Ọ̀kan nínú wọn kú. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ ni, pápá tí a yà sọ́tọ̀ fún eré sì ni.

Ìbéèrè kan kù tí ó ń dà mí láàmú. Nígbà tí awakọ̀ bá ń sáré, tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì pa ẹnu mọ́, ṣé a kò ti bá a jókòó sí ìdí ọpọ́n náà? Ó ṣòro fún ọmọdé láti sọ fún àgbà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ rọra." Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì kan láti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀, tí mo di ìjókòó mú pinpin, tí n kò sọ nǹkan kan. A gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sanwó, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà.