Ẹni Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Ṣe, Ǹjẹ́ Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Ṣe É?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, gbogbo wa ni a mọ ọyẹ́. Bí ó bá dé, eruku a bo ojú ọ̀run, a ó sì lè wo oòrùn bí ẹni ń wo òṣùpá. Eruku tí a kò lè fọwọ́ mú ni ó dí oòrùn ńlá lójú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kíyè sí èyí kò ní ṣàìlóye ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń fi ojú ọjọ́ ṣe.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1991, òkè Pinatubo ní ilẹ̀ Philippines bú gbàmù. Eérú rẹ̀ wó òrùlé lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan gbogbo ayé ni gáàsì imí-ọjọ́ tí ó tú jáde, nǹkan bí mílíọ̀nù 15 sí 20 tọ́ọ̀nù. Gáàsì yìí gòkè kọjá ibi tí òjò ti ń rọ̀, ó di ẹ̀kán ásíìdì tín-ín-tìn-ín, atẹ́gùn sì gbé e yí ayé ká. Àwọn ẹ̀kán náà ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Nítorí èyí, ní 1992, ayé tutù ní nǹkan bí ìlàjì dígírì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Tambora ní Indonéṣíà bú ní oṣù kẹrin ọdún 1815. Nígbà tí ó di 1816, yìnyín já ní oṣù kẹfà ní apá kan Amẹ́ríkà, irè oko bàjẹ́ ní Yúróòpù, ebi sì pa àwọn ará Switzerland tí wọn kò gbọ́ orúkọ òkè náà rí.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí kíka òrùka inú igi àtijọ́, tàbí wíwá imí-ọjọ́ nínú yìnyín tí wọ́n gbẹ́ jáde ní Greenland. Àwọn kan lè pè é ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2013, Jim Haywood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, láàárín 1900 sí 2010, mẹ́ta nínú àsìkò òjò mẹ́rin tí ó gbẹ jù lọ ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì ni ó tẹ̀lé bíbú òkè ńlá ní ìhà àríwá ayé. Òkè kan bú ní Katmai ní Alaska ní 1912, ọ̀dá dé ní 1913. El Chichón bú ní Mẹ́síkò ní 1982, ọ̀dá ńlá tún dé ní 1983 àti 1984. Bí ìhà àríwá bá tutù ju ìhà gúúsù lọ, òjò a fà sẹ́yìn lọ sí gúúsù. Sàhẹ́lì kò sì jìnnà sí wa: láti Òkè Ọya ni ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù wa ti ń wá.

Ibi tí ìbéèrè wa wà nìyí. Ní 2006, Paul Crutzen, tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel, kọ̀wé pé ó yẹ kí a ṣe ìwádìí bóyá ènìyàn fúnra rẹ̀ lè gbé imí-ọjọ́ lọ sókè láti mú ayé tutù. Kì í ṣe èrò ìkà. Èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ti mú ayé gbóná ju dígírì kan lọ, ooru náà sì ń pa ènìyàn. Bí a bá ti wá mọ ọgbọ́n òkè, ǹjẹ́ a lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a?

Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ìwádìí 2013 yẹn kan náà fi hàn pé bí wọ́n bá tú u sí ìhà àríwá, Sàhẹ́lì yóò gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ìhà gúúsù ni, òjò Sàhẹ́lì yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá di ẹnu ọ̀pá náà mú ti di òjò ẹlòmíràn mú nìyẹn. Òkè kì í yan ẹni tí yóò pa lára, ènìyàn ni ó ń yàn. Ẹni tí ó bá sì yàn yóò jíhìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí gbogbo ayé tó fẹnu kò, ooru yóò ti pa ọ̀pọ̀. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Ṣùgbọ́n ìrora aláìsàn kan kò fún wa láṣẹ láti da oògùn sí ẹlòmíràn lẹ́nu láìbéèrè. Ẹ̀wẹ̀, ìbòòji yìí kì í pẹ́ ju ọdún kan sí méjì lọ. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí kò dín èéfín kù, tí ó wá dáwọ́ dúró, ooru tí ó ti dá dúró yóò dé wìì.

Ní èrò tiwa, mímọ̀ kì í ṣe àṣẹ. Ọwọ́ àwọn tí yóò wà lábẹ́ ìbòòji náà ni àṣẹ wà. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe àwíjàre. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó kàwé rẹ̀ ni àgbà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ìmọ̀ òkè àti ìkúukùu ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe bi í pé èló ni yóò pa níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó láti pín òjò ayé, ó yẹ kí ọmọ wa wà níbẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí yóò sọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì fún wa ní àánú tí a ó fi lò ó. Àmín.