Ìran Wíwò, Ṣé Ó Lè Di Ìpalára?



Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ arákùnrin wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Ó ní oṣù mẹ́rin ni òun fi tọ́jú owó kí òun tó lè san owó ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí kì í gbà ju èrò mẹ́fà lọ. Friday Harbor, ní erékùṣù San Juan, ni ọkọ̀ náà ti máa ń gbéra láàárọ̀, tí yóò kó àwọn èèyàn lọ wo ẹranko inú òkun, tí yóò sì dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí arákùnrin wa ń lépa ni àbùùbùtán aláwọ̀ dúdú òun funfun tí òyìnbó ń pè ní orca.

Títí di ọ̀sán, ẹyẹ idì olórí funfun àti àwọn ẹranko seal tó ń yáàrùn lórí àpáta ni wọ́n rí. Nígbà tó yá, lẹbẹ dúdú mẹ́ta yọ lókèèrè. Ariwo ayọ̀ sọ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí atukọ̀ fi awò rẹ̀ wò wọ́n fínnífínní, ó ní Southern Residents ni wọ́n, ìyẹn àwọn onílé ìhà gúúsù. Ó dín eré kù, ó sì yí orí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Èrò kan ní òun yóò fi owó kún owó bó bá lè sún mọ́ wọn díẹ̀. Atukọ̀ kọ̀. Arákùnrin wa ní inú bí òun gidigidi. Bó ṣe parí lẹ́tà rẹ̀ nìyí: "Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí? Mi ò mú ìwọ̀ dání, mi ò mú ìbọn dání. Ojú lásán ni mo fẹ́ fi wò wọ́n. Kí ni ojú lè fi ṣe ẹranko?"

Ìbéèrè yìí tóbi ju ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lọ. A jókòó lé e lórí, èyí sì ni ibi tí a bá a dé.

ÀWỌN TÍ A LỌ WÒ

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí a bá gbọ́ ìtàn Ànábì Yūnus àti ẹja ńlá tó gbé e mì, àbùùbùtán ni ó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹbí àbùùbùtán ni orca, kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ló ń mí, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Lẹbẹ ẹ̀yìn akọ rẹ̀ lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Lẹ́yìn lẹbẹ yìí ni àmì kan wà tó ní àwọ̀ eérú. Ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀, bí ojú wa ti yàtọ̀ síra. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni atukọ̀ fi dá wọn mọ̀.

Àwọn onílé ìhà gúúsù yìí pín sí agbo ilé mẹ́ta, tí àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà J, K àti L sọ lórúkọ. Ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo, ọmọ kì í fi agbo ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí wọn kò bímọ mọ́ ló sábà máa ń ṣáájú nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, wọ́n sì máa ń pín ẹja fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, tí ẹni tó bá ri ẹ̀rọ agbóhùn sínú omi lè gbọ́. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 80. Ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kọ wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun.

Ẹja sámónì, pàápàá èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chinook, ni oúnjẹ wọn. Omi ibẹ̀ kì í mọ́ gaara, nítorí náà etí ni wọ́n fi ń ríran. Orca a máa ta ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú omi, ohùn náà á lọ ba ẹja, á sì padà wá bá a. Nípa bẹ́ẹ̀ ni yóò fi mọ ibi tí ẹja wà àti bó ṣe jìnnà tó.

OHUN TÍ OJÚ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a wá dá arákùnrin wa lóhùn. Ojú kì í dá lọ sójú òkun. Ọkọ̀ ló ń gbé e lọ, ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọkọ̀, owó wa ló sì ń ra epo sí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ ti ń sáré sí i ni ariwo rẹ̀ nínú omi ń pọ̀ sí i. Ariwo yìí ló ń bo ohùn tí orca fi ń wá ẹja mọ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá, tí ẹlòmíràn wá pa iná mọ́ ọn lójú.

Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 fi hàn pé bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ àwọn abo tó nǹkan bí yáàdì 400, wọ́n sábà máa ń pa oúnjẹ wíwá tì. Abo yìí ló ń lóyún, òun ló ń fún ọmọ lọ́mú. Ọkọ̀ kan lè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni òun fi dúró. Ṣùgbọ́n bí òun ti ń lọ ni òmíràn ń dé.

Ìdí nìyí tí òfin fi ń le sí i. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ní kí ọkọ̀ máa fi yáàdì 200 jìnnà sí orca. Ní 2019, ìpínlẹ̀ Washington sọ ọ́ di 300 lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti 400 níwájú àti lẹ́yìn, fún àwọn onílé ìhà gúúsù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ó ti di yáàdì 1000 yíká wọn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Òfin yìí ni atukọ̀ tẹ̀lé.

ÌFẸ́ TÓ DI ÌDÈ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí a kò bá rí wọn, báwo ni a ó ṣe fẹ́ràn wọn? Ẹni tí kò sì fẹ́ràn wọn, báwo ni yóò ṣe dáàbò bò wọ́n?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nígbà kan rí, ọ̀tá ni àwọn apẹja ka orca sí, wọn a sì máa yìnbọn fún wọn. Ní 1965, wọ́n gbé akọ kan tí wọ́n sọ ní Namu wá sí ìlú Seattle, àwọn èèyàn sì rọ́ wá wò ó. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹbọra. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Namu kú ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìfẹ́ náà bí. Gbogbo ilé ìṣeré ẹja láyé ló fẹ́ ní tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, ní Penn Cove, wọ́n fi ọkọ̀ àti àdó olóhùn ńlá lé àwọn agbo ilé wọ̀nyí wọ inú àwọ̀n, wọ́n sì yan àwọn ọmọ kéékèèké láàrin wọn. Márùn-ún kú sínú omi, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Wọ́n kó méje lọ. Abo kan nínú àwọn méje yìí, Tokitae, lo ọdún 53 nínú adágún omi kan ní Miami, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ó lé ní 40 tí wọ́n kó lọ tàbí tó kú lọ́nà yìí kí ìpínlẹ̀ Washington tó fòpin sí i ní 1976. Àwọn tó san owó wọlé lọ wò wọ́n kì í ṣe ìkà èèyàn. Ọ̀pọ̀ wọn ló mú ọmọ wọn dání. Ojú lásán ni àwọn náà fẹ́ fi wò ó.

Nítorí náà, ìfẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí pé ohun tí à ń ṣe dára. Ìfẹ́ tí kò bá béèrè bí ó ti rí lára ẹni tí a fẹ́ràn, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń bọ́.

Ẹlòmíràn lè tún sọ pé kì í ṣe ọkọ̀ kékeré ló ń pa wọ́n. Ẹja sámónì ti dín kù, èèyàn ti sé ọ̀pọ̀ odò, májèlé ti wọ inú omi, àwọn ọkọ̀ ńlá akẹ́rù sì ń pariwo ju ti olówèrò mẹ́fà lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa aládùúgbò wa nítorí pé ẹlòmíràn jí iṣu rẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún wa láti jókòó dí ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀. Ẹni tí ìyà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí a ṣọ́ra sí jù.

ẸNI TÓ MÚ IGI KAN

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá fẹ́ mú igi kan gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ṣe máa ń dùn tó. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti gbọ́ ní ilé kéú nípa àwọn sàábà tó mú ọmọ ẹyẹ méjì nígbà ìrìn-àjò, tí ìyá ẹyẹ náà ń fò tàràrà lórí wọn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, béèrè ẹni tó da ọkàn ẹyẹ náà rú nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá a padà fún un. Ẹ kíyè sí i pé ìdààmú ìyá ni ó kọ́kọ́ bá wí. Kò dúró kí ẹyẹ kú kó tó sọ̀rọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2018, abo kan nínú agbo ilé J, tí wọ́n ń pè ní Tahlequah, bímọ. Ọmọ náà kò pé wákàtí kan láyé. Ọjọ́ 17 ni ìyá fi gbé òkú rẹ̀ kiri lórí omi, tí kò jẹ́ kó rì. Ní ìparí ọdún 2024 ó tún bí òmíràn. Ìyẹn náà kú, ó sì tún gbé e kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ọlọ́hun ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí abiyamọ tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní dákẹ́ díẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní ilé wa, ta ni nínú wa tó máa fẹ́ kí àlejò mẹ́fà mẹ́fà máa wọlé wá ya fọ́tò, kí wọ́n sì máa sọ pé àwọn kò fọwọ́ kan nǹkan?

OHUN TÍ A RÍ PÉ Ó TỌ́

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ wòran. Wíwo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ń kọ́ ọkàn lẹ́kọ̀ọ́, ó sì dára kí ọ̀dọ́ jáde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n lọ wo ayé. Nínú òkun kan náà, àwọn orca mìíràn wà tó jẹ́ pé seal ni wọ́n ń jẹ, iye wọn sì ń pọ̀ sí i. Òfin gba ọkọ̀ láyè láti sún mọ́ àwọn wọ̀nyí ju àwọn onílé lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwòran ní òṣùwọ̀n mẹ́ta.

Èkíní, kí ẹ̀dá tí a ń wò lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀. Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Irú ìwòran yẹn ló dára jù. Ní erékùṣù San Juan náà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Lime Kiln, níbi tí èèyàn lè dúró lórí àpáta etí òkun kó sì rí orca nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lọ, láìsí ẹ́ńjìnnì kankan.

Èkejì, kí á má fi owó wa ti afinimọ̀nà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fi owó kún owó pé kí atukọ̀ rú òfin, òun gan-an ló tu ọkọ̀ náà débẹ̀. Atukọ̀ ní ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé ìwé. Kì í ṣe àwa ló yẹ kí a fi àìní rẹ̀ dán an wò.

Ẹ̀kẹta, kí a lè padà sílé lọ́wọ́ òfo láìbínú. Owó ọkọ̀ ni a san, a kò ra ẹranko.

Arákùnrin wa, bí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ti ṣèlérí fún ọ kí o tó sanwó pé dandan ni kí o rí àwọn onílé nítòsí, irọ́ ni wọ́n pa, o sì lè béèrè owó rẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò rẹ́ ọ jẹ. Lójú rẹ ni ọkùnrin kan ti kọ owó nítorí ẹ̀dá tí kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rò ó wò bóyá o ti rí irú rẹ̀ rí.

Àwa tó kù tí a kò ní wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ṣé kì í ṣe àwa la máa ń yọ fóònù ká tó na ọwọ́? Bí a bá fún aláìní ní àpò ìrẹsì kan, ṣé a kì í dá a dúró kí a lè ya fọ́tò rẹ̀? Ojú lásán ni a máa ń pè é.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí í wòran láì di ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àmín.