Òkúta Ẹnu Ọgbà Ẹran



Ní ilẹ̀ Iceland, erékùṣù òtútù kan ní ìhà àríwá, òkúta mẹ́rin wà ní etíkun Djúpalónssandur, lẹ́bàá Dritvík níbití àwọn apẹja ti ńpéjọ nígbà àtijọ́. Ìwọ̀n èyí tí ó kéré jùlọ jẹ́ kìlógírámù 23, èkejì 54, ẹ̀kẹta 100, èyí tí ó tóbi jùlọ sì jẹ́ 154. Nwọ́n ńpe ti ìkẹhìn ní Fullsterkur, èyíinì ni ẹnití agbára rẹ̀ pé. Èyí tí ó kéré jùlọ ńjẹ́ Amlóði, orúkọ ẹ̀gàn ni. Òkúta wọ̀nyí ni a fi ńdán ọkùnrin tí ó ńwá iṣẹ́ ọkọ̀ wò. Ẹnití kò bá lè gbé ti 54, a kò kà á yẹ fún òkun. Ẹ má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Òkun ibẹ̀ rorò, ọkọ̀ wọn kò ní ẹ̀rọ, apá aláìlera kan sì lè kó bá gbogbo àwọn tí ó jókòó tì í.

Òkúta mìíràn wà ní Húsafell, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógírámù 186. Àlùfá ibẹ̀, Snorri Björnsson, ẹnití a bí li ọdún 1710 tí ó sì kú ní 1803, ni ìtàn sọ pé ó fi í ṣe ilẹ̀kùn ọgbà ẹran rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbàtí mo kà á, nítorí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa a kò kọ́ wa ní òkúta gbígbé. Lónìí àwọn alágbára a máa gbé irú rẹ̀ mọ́ àyà rìn níbi ìdíje, ògo sì ni èrè rẹ̀.

Nínú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni Jón Páll Sigmarsson ti gba oyè alágbára jùlọ ní aiyé nígbà mẹ́rin, ní 1984, 1986, 1988 àti 1990, nígbàtí ènìà ilẹ̀ náà kò tó 300,000. Magnús Ver Magnússon, ọmọ ilẹ̀ kan náà, gbà á nígbà mẹ́rin lẹ́hìn rẹ̀. Ní January 1993 Jón Páll kú níbití ó gbé ńgbé irin. Ẹni ọdún 32 ni.

Samsoni pẹ̀lú gbé ilẹ̀kùn bodè Gasa lé èjìká, ó gbé e gun òkè. Agbára ńlá ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́ ní orí òkè. Òkúta Snorri a máa dí ẹnu ọ̀nà kí ẹran má baà ṣáko lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, èmi pẹ̀lú ti gbé òkúta kalẹ̀ rí. Mo yọ orúkọ ọmọkùnrin kan kúrò láàrin àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé, nítorí kò lè ka Kátékísìmù lórí dé òpin. Ó jókòó lẹ́hìn nígbàtí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńlọ síwájú. Òun ni ó ńti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa lálaalẹ́ nísisìyí.