Ìmọ́lẹ̀ Tí A Gbé Wá: Ṣé Irọ́ Ni, Àbí Ẹ̀tọ́?

Níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè ní àwọn ìlú wa lónìí, kámẹ́rà nìkan kọ́ ni onífọ́tò ń gbé wá mọ́. Ó ń gbé ẹsẹ̀ irin méjì tàbí mẹ́ta, ó ń gbé agboòrùn funfun, ó sì ń gbé fíláàṣì tí kò so mọ́ kámẹ́rà rárá. Yóò fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún ìyàwó, yóò fi èkejì sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lórí kámẹ́rà yóò sì máa ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, àwọn kan á yìn ín. Àwọn mìíràn á ní: «Ó dára o, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.» Gbólóhùn kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ. Bí mo bá gbé ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ wá sí ojú ọmọnìkejì mi, ṣé mo ti purọ́ mọ́ ọn ni, àbí mo ti ṣe ohun tó tọ́ sí i?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí iná yìí ń ṣe. Fíláàṣì tó jókòó sórí kámẹ́rà ń ta ìmọ́lẹ̀ lu ojú ènìyàn láti iwájú gan-an; ó ń pa òjìji rẹ́, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Bí a bá mú un kúrò níbẹ̀, tí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tí a sì gbé e ga díẹ̀ ju orí lọ, òjìji yóò padà, ojú yóò sì tún ní òkè àti ilẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá fi agboòrùn tàbí aṣọ funfun fífẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀, nítorí pé bí ojú iná bá ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tó ń tàn sí ni etí òjìji ṣe ń rọ̀ tó. Ọ̀nà jíjìn náà ní òfin tirẹ̀: bí a bá fa fíláàṣì sẹ́yìn dé ìlọ́po méjì ibi tó wà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò máa dé ojú ẹni náà. Ẹni tó bá mọ nǹkan wọ̀nyí dáadáa lè mú kí ojú kan ṣoṣo rí bí ojú ọba lówùúrọ̀, kí ó sì rí bí ojú ọ̀daràn lálẹ́. Agbára ni èyí. Níbi tí agbára bá sì wà, ọ̀rọ̀ ìwà kì í jìnnà síbẹ̀.

Àwọn tó kọ fíláàṣì ní ẹjọ́ tó lágbára. Henri Cartier-Bresson, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ilẹ̀ Faransé bí tí òkìkí wọn kàn jù lọ, sọ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1952 pé òun kì í fi fíláàṣì yà, nítorí ọ̀wọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ tí òun bá níbẹ̀. Èrò yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí ni fọ́tò. Ẹlẹ́rìí tòótọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ohun tó rí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú nígbà tí opó ń sunkún nínú yàrá, òkùnkùn náà wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi iná lé e jáde ti yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí dúró lórí ohun kan tí kò sọ jáde: ó gbà pé kámẹ́rà ń ṣe ẹ̀tọ́ sí gbogbo ènìyàn bákan náà bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ibi tó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú kámẹ́rà ń ṣírò bí ẹni pé àròpọ̀ ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Ẹ mú fọ́tò kíláàsì kan tí a yà níwájú ògiri funfun, ní ọ̀sán gangan. Kámẹ́rà rí ògiri, ó rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Ògiri rí bí ó ti yẹ. Ọmọ tó dúdú jù lọ nínú kíláàsì náà rì sínú òkùnkùn, ó ku eyín àti ẹyinjú. Ẹnikẹ́ni kò purọ́, ẹnikẹ́ni kò tan iná. Síbẹ̀ fọ́tò náà kì í ṣe òótọ́, nítorí pé gbogbo wa tó jókòó pẹ̀lú ọmọ yẹn la mọ ojú rẹ̀, tí a mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn.

Ìṣòro yìí ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ilé ìfọfọ́tò tó ń lo fíìmù aláwọ̀ ti ilé-iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí káàdì náà, «Shirley» ni wọ́n sì ń pè é. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ parí. Lorna Roth, olùwádìí ará Kánádà, kọ ọ́ ní 2009 pé ẹjọ́ àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, tí wọ́n ní àwọ̀ ọjà àwọn kò yàtọ̀ síra nínú fọ́tò, wà lára ohun tó mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i díẹ̀: àwọ̀ igi ti rí alágbàwí nígbà tí àwọ̀ ènìyàn ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a fi ohun gbogbo sílẹ̀ bí a ti bá a ń sọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀, pé kí a fi ìwọ̀n ẹlòmíràn sílẹ̀ bí a ti bá a.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n tiwọn. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní 1973. Mẹ́ta nínú àwọn ìlànà tó gbà sílẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn ní ìwọ̀nba. Èkejì ni ìfarahàn: kí ojú, imú àti ẹnu hàn gbangba. Ẹ̀kẹta ni dídán: kí ara ère máa tan ìmọ́lẹ̀ padà, kí òjìji sì bá a ṣeré. Àwọn agbẹ́gilére kò ní iná mànàmáná, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé láìsí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji papọ̀, ojú kò tíì di ojú. Èdè wa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a bá pe ènìyàn ní adúmáadán, a kò yin dúdú rẹ̀ lọ́tọ̀, a kò sì yin dídán rẹ̀ lọ́tọ̀. A so méjèèjì pọ̀ di ẹwà kan. Bí iṣẹ́ fíláàṣì sì ti rí gan-an nìyẹn. Awọ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dán ló ń fi bí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ṣe tẹ̀ hàn. Onífọ́tò tó gbé iná fífẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ kí ó fẹ́ ojú náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ń ṣe ohun tí oríkì ti sọ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ojú ọjọ́ kò lè ṣe é. Ní Bamako, Seydou Keïta, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nínú àgbàlá, ojú àwọn tó yà sì hàn kedere títí dòní. Ní ìlú kan náà, Malick Sidibé gbé fíláàṣì lọ sí ibi ijó àwọn ọ̀dọ́ ní òru, ó sì ya tọkùnrin-tobìnrin tó ń jó lálẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì ní 1963. Bí Sidibé bá ti bọ̀wọ̀ fún òkùnkùn alẹ́ yẹn, ayọ̀ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kì bá tí ní ẹlẹ́rìí. Nítòsí wa ńbí, Rachidi Bissiriou ṣí ilé fọ́tò ní Kétu ní 1968. Àwọn tó wọ aṣọ tó dára jù lọ wá síwájú kámẹ́rà rẹ̀ wá kí a lè rí wọn. Ohun tí wọ́n wá gbà nìyẹn, gbèsè ni fún onífọ́tò tó bá gba owó wọn tí kò jẹ́ kí a rí wọn.

Gbèsè: ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dúró lé nìyí. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí onífọ́tò fi ń fi ara rẹ̀ hàn. Gbèsè tó jẹ ẹni tó ń yà ni. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó rí ibi tí irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ta iná lu ìyàwó títí awọ rẹ̀ fi di pupa, tí wọ́n sì ń polówó iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọṣẹ ìbóra ń ṣe sí ara ni wọ́n ń fi iná ṣe sí àwòrán. Irinṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ tó dì í mú ló yàtọ̀: ọ̀kan ń mú ohun tó wà jáde, èkejì ń fi ohun tó wà pamọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ bi ara yín pé: bí ìyá ọmọ yìí bá rí fọ́tò náà lójijì, ṣé yóò pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó rò ó? Jíjọra kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, òótọ́ nìkan kò tó. Ní 1970, Caroline Hunter àti Ken Williams, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Polaroid ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọn ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń lò fún ìwé ìrìnnà tí a fi tipátipá kó sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síta, wọ́n sì jà títí, Polaroid sì kúrò ní orílẹ̀-èdè náà ní 1977. Fọ́tò inú ìwé wọ̀nyẹn lè jọ ẹni tó ni wọ́n dáadáa. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí a tanná sí kò bẹ̀ wá, ọ̀tá rẹ̀ ló ni ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹni tí a kò jẹ nígbèsè, tí a fi agbára san án fún, ìyà la fi jẹ ẹ́.

Èyí ló mú wa dé ibi tó ṣòro jù fún àwa ọmọ Kétu àti agbègbè rẹ̀. Láti 2001 tí UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún àwọn ohun ìṣúra ìran ènìyàn, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, kámẹ́rà ti pọ̀ sí i lójú agbo. Ijó ọ̀sán kò ní wàhálà. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló ní i. Òru ni àwọn tó dá a sílẹ̀ yàn fún un, nítorí àwọn ìyá wa tí òru jẹ́ tiwọn ni a ń bẹ̀ tí a ń yìn. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe àìtó iná. Ara ètùtù ni, gẹ́gẹ́ bí orin ti jẹ́. Ẹni tó bá tan fíláàṣì lu ojú Ẹ̀fẹ̀ bí ó ti ń kọrin kò mú ohunkóhun hàn. Ó ti fọ́ ohun tó wá gbà sílẹ̀. A máa ń sọ pé òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní alẹ́ yẹn, òkùnkùn gan-an ni ẹni ọ̀wọ̀.

Àwọn kan yóò ní kámẹ́rà ìsinsìnyí ń ríran lókùnkùn, nítorí náà kí a yà á láìtan iná, ìjà parí. N kò gbà pé ó parí. Fíláàṣì ní ìwà kan tí a kì í yìn ín fún: kò lè jalè. Nígbà tó bá kọ mọ̀nà, gbogbo agbo mọ̀ pé a ti yà wọ́n, wọ́n sì lè bínú, wọ́n lè kọ̀, wọ́n lè béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fóònù tó ń ríran lókùnkùn kò ké, kò tàn. Bí a bá yọ iná kúrò tí a kò fi ìyọ̀ǹda rọ́pò rẹ̀, a ti fi olè jẹ́jẹ́ rọ́pò àlejò aláriwo. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pa òru Ẹ̀fẹ̀ mọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la lọ bá àwọn olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n béèrè ohun tó ṣeé rí àti èyí tí etí nìkan ni kó gbọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní rárá, kí a gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà, kí a sì fi ojú sílẹ̀ fún òru.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń tu owó jọ láti ra fíláàṣì àkọ́kọ́, ẹ rà á. Ẹ kọ́ bí agboòrùn ṣe ń rọ iná, ẹ kọ́ ibi tó yẹ kí òjìji imú bọ́ sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan tún rì sínú ògiri funfun mọ́ nítorí pé kámẹ́rà kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín lójú, kí ẹ mọ̀ bóyá ó wá kí a rí òun. Bí ó bá wá bẹ́ẹ̀, ẹ san gbèsè rẹ̀ pé. Bí kò bá wá bẹ́ẹ̀, ẹ pa iná.